Mashood, Mi Ò Ní Kúrò Nínú Ẹgbẹ́ Yẹn

Ìkòyí-Ilé,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Mashood Àkàndé ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùm. Kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kí iṣẹ́ olùkọ́ tí ò ń ṣe ní Ọ̀yọ́ tù ọ́ lára, kí àwọn ọmọ tí ò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì máa gbọ́ràn sí ọ lẹ́nu, kí ọ̀gá ilé-ìwé yín má ká ọ mọ́ ibi tí kò yẹ, kí Ọlọ́run sọ ìyàwó rẹ kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́, kí a gbọ́ ohùn ìyá, kí a gbọ́ ohùn ọmọ. Àmín. Èmi náà wà dáadáa, àlùhámúdù lílàhì, àfi orúnkún ọ̀tún mi tó máa ń bá mi ṣe àríyànjiyàn tí mo bá fẹ́ dìde lórí ìrun.

Àdúrà parí, ó ku ìjà. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí màmá ò fi pè ọ́, kó tó di pé ó ń kọ lẹ́tà bí ẹni ayé àtijọ́, nígbà tó jẹ́ pé tìtorí fóònù náà la ṣe ń jà. Ìdí ni pé tí mo bá pè ọ́, ìwọ lo máa sọ̀rọ̀. Wàá ní màmá, ẹ gbọ́ mi ná, màmá, ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi, títí owó orí fóònù mi á fi tán, mi ò sì ní tíì sọ ẹyọ kan. Kò sẹ́ni tó lè já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́tà lẹ́nu. Mo sì ti sọ fún dẹ́rẹ́bà tó mú un wá pé kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Kí n kọ́kọ́ fún ọ ní ìròyìn ilé. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, akọ kan, abo kan, akọ yẹn kì í sì í ṣe ọmọ èèyàn dáadáa, ó ti jẹ etí fìlà bàbá rẹ tí mo sá sóòrùn. Ìjì gbé páànù ilé ìdáná wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò, wọ́n ti dá a padà, Ọlọ́run ló yọ wá. Kaṣú ọdún yìí so dáadáa. Lèmọ́ọ̀mù ra gbohùngbohùn tuntun, a sì ń gbọ́ ọ títí kan ìgbà tó bá ń wúkọ́.

Ó tó gẹ́ẹ́. Mo ti gbọ́ iṣẹ́ tí o rán Zulaikha, ọmọ àbúrò mi, sí mi. O ní kí n jáde kíákíá kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ ìtàn fún ọmọdé lórí Wásáàpù. O ní ò ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá gba fóònù ńlá yìí lọ́wọ́ mi, kí o sì fún mi ní oní-tọ́ọ̀ṣì tí kò mọ̀ ju kó pe èèyàn lọ. O ní mò ń dójú tì ọ́. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, èsì mi sì rèé. Mi ò ní jáde, mi ò sì ní fún ọ ní fóònù. Kaṣú tí mo fọwọ́ ara mi ṣà ni mo fi rà á. Ìwọ náà mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa wa, pé Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí kì í gba ọfà lẹ́yìn. Mo kọjú sí ọ báyìí, máa ta á bọ̀.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe débẹ̀, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu Olúyẹmí ẹlẹgbẹ́ rẹ níléèwé nìkan. Zulaikha wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ mi láti Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbi tó ti ń kàwé, ó bá mi níbi tí mo ti ń pa àlọ́ fún àwọn ọmọ ilé-kéwú ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní àlọ́ yìí ì bá dára kó wà nínú ìwé. Ó ní àwọn kan wà tó ń pàdé lórí fóònù, tí wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Mo ní ìwé mẹ́fà péré ni mo kà. Ó ní àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n, kò sí ọ̀gá níbẹ̀ àfi Deborah tó dá a sílẹ̀, olùkọ́ ni ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bá ní kó mú mi wọlé.

Nígbà tí mo wọlé, mo kúnlẹ̀. Zulaikha ń rẹ́rìn-ín, ó ní wọn ò rí mi. Mo ní Ọlọ́run rí mi. Wọ́n ní kí n sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá tó bí bàbá mi, mo sọ ọ́ dé orí ìwọ, mo sọ oríkì gbogbo wa. Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú kí n tó tẹ̀ ẹ́ tán. Láti ọjọ́ náà, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, mo máa ń kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú orúkọ wọn. Olúyẹmí, tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́, tí mi ò mọ̀ pé ó wà láàárín wọn, ló wá ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ nínú yàrá àwọn olùkọ́ yín, pé màmá Mashood ń kí gbogbo ayé bí ẹni ń pín sàárà. Ṣé kí n wá da ìkíni sílẹ̀ lápapọ̀ bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ ni? Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n. Sọ fún Olúyẹmí pé mo ń kí òun náà láràárọ̀, kò sì dáhùn rí. Bi í pé ìtàn wo lòun ti kọ síbẹ̀ láti ìgbà tó ti wà níbẹ̀.

Lóòótọ́ ni pé mo máa ń borí kí n tó ṣí fóònù. Ọkùnrin wà nínú wọn. Lóòótọ́ ni pé mi ò gbé e lọ sí ṣáláńgá mọ́. Èwo ló wá burú níbẹ̀? Tí mo bá sì fẹ́ jẹun, mo máa ń pè wọ́n pé ẹ wá jẹun, nítorí a kì í jẹun níwájú èèyàn kí á má pè é. Stephen, ọmọ Under G kan nínú ẹgbẹ́ náà, rí ìpè yẹn lọ́jọ́ tí mo gún iyán, ló bá gun ọ̀kadà wá sí Ìkòyí. Ó jẹ iyán, ó fọ abọ́, ó sì fi hàn mí bí mo ṣe lè gé ìtàn sí ìpínrọ̀ kéékèèké kó má baà sú ọmọdé. Ìwọ Mashood, nígbà wo lo fọ abọ́ nílé mi kẹ́yìn?

Ohun tí Olúyẹmí ò sọ fún ọ rèé. Nígbà tó kàn mí láti sọ ìtàn, mo tẹ̀ ẹ́ pé, Àlọ́ o! Mo dúró. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mo jókòó ti fóònù bí ẹni tó gbé omi kaná. Ẹnì kan wá gbé àwòrán àtàǹpàkò síbẹ̀. Àtàǹpàkò kì í gba àlọ́. Mo gbé fóònù sílẹ̀, mo lọ ṣà kaṣú. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, wọ́n ní màmá, ìtàn yín là ń retí. Mo ní ẹnu yín ni èmi náà ń retí. Ọ̀kan nínú wọn ní kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nìyẹn, kí n ṣáà da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n kà á. Inú bí mi. Mo kọ ọ́ fún wọn pé mi ò lè pa àlọ́ fún ẹni tí mi ò mọ̀ bóyá ó ti sùn, pé tí wọn ò bá ní í gbà á, kí wọ́n yọ mí. Mo ti rò pé wọ́n á yọ mí lóòótọ́.

Deborah ni ọ̀rọ̀ náà yé. Ó sọ fún gbogbo wọn pé kí wọ́n fi ohùn gbà á. Àlọ̀! Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀, ohùn kan tẹ̀lé òmíràn, Stephen, àwọn obìnrin Ọ̀yọ́, ọkùnrin kan tí ọ̀fun rẹ̀ há. Moyinolúwa tó wà ní Kánádà kó àwọn ọmọ rẹ̀ jọ, gbogbo wọn sì pariwo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mashood, mo sunkún. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú, tí ẹ̀yin ọmọ sì ti lọ, àwọn ọmọ ilé-kéwú nìkan ló kù tó ń dá mi lóhùn, àwọn náà á sì sá lọ tí ìyá wọn bá pè wọ́n fún oúnjẹ. Inú ilé yìí dákẹ́ ju bí o ṣe rò lọ. Ó dùn mí pé nígbà tí mo wá rí ẹni dá mi lóhùn, ìwọ lo ní kí n panu mọ́.

Ìtàn ìgbín tó fẹ́ lọ ná ọjà Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo sọ. Gbogbo ẹranko ní ọjà á ti tú kó tó débẹ̀, òun náà ní ọjà tó bá tú á tún ná, àti pé ibi tí ilẹ̀ bá ṣú òun sí, ilé òun nìyẹn. Wọ́n yìn ín, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìmọ̀ràn tí mo kó sí ìparí rẹ̀ pọ̀ jù, pé ọmọdé á ti sùn kó tó kà á tán. Mo bá wọn jà. Mo ní àlọ́ tí kò kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́, kí ló wá ṣe? Mo wá ka oríṣi méjèèjì fún àwọn ọmọ ilé-kéwú. Èyí tó ní ìmọ̀ràn, wọ́n ní ẹ ṣeun màmá, wọ́n dìde. Èyí tí kò ní, wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n sì ń bi mí bóyá ìgbín rí nǹkan rà. Mo padà lọ sọ fún ẹgbẹ́ pé wọ́n jàre. Ẹni tó bá sọ òótọ́ fún mi láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ará mi ni.

O ní wọ́n á lù mí ní jìbìtì. Ọkùnrin kan dán an wò, kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Ó yọ́ wá bá mi ní kọ̀rọ̀, ó ní òun á tẹ ìwé mi ní Lọ́ńdọ̀nù, kí n fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀yìn káàdì báńkì mi. Mo ní káàdì náà wà ní báńkì. Ibẹ̀ ni mo fi owó sí, ibẹ̀ náà ni mo ní kí wọ́n bá mi tọ́jú káàdì rẹ̀, kí wọ́n má baà pínyà. Mo wá bi í pé ọmọ agboolé wo ni. Ó ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo ní Lọ́ńdọ̀nù kì í ṣe agboolé, ìlú ni, kí ló dé tó fi ń sá fún ilé bàbá rẹ̀? Ló bá sá lọ. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ẹgbẹ́, gbogbo wọn dìde, wọ́n kọ́ mi bí mo ṣe lè ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, wọ́n sì kìlọ̀ fún àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ Sátidé ló wá kù. Ìwọ ò mọ̀ pé ọjọ́ tí o mú yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ wa máa pàdé lójúkojú fún ìgbà àkọ́kọ́. Deborah ti gba kíláàsì kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọdé á pé jọ, àwa á sì ka ìtàn wa fún wọn. Wọ́n mú mi mọ́ àwọn tó máa kà. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní í parọ́. Mo ti kà á sí ewúrẹ́ létí, mo ṣì ń tún un kà. Inú fóònù yìí ni ìtàn náà wà. Tí o bá gbà á, o ti gba ẹnu mi nìyẹn. Nítorí náà, tí o bá wá sí Ìkòyí lọ́jọ́ Sátidé, àgádágodo ni wàá bá lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò ní kí o ra ṣúgà, mi ò ní kí o ra mílíìkì. Owó dátà ni kí o fi ránṣẹ́, nítorí tí dátà bá tán, ṣe ni wọ́n máa ń rò pé mo bínú. Fi owó gíláàsì ojú kún un, èyí tó wà lójú mi yìí, bàbá rẹ ló ni ín. Kí Ọlọ́run máa pèsè fún ọ. Kí o má rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Kí ọmọ tí ìyàwó rẹ máa bí mọ ojú mi, kó mọ ohùn mi, kó má fi èmi àti ìyá rẹ̀ tijú bó bá kàwé ju àwa méjèèjì lọ. Àmín.

Tí o bá fẹ́ rí mi lọ́jọ́ náà, Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí o wá. Bọ́ bàtà rẹ sílẹ̀, kí o sì jókòó lórí ẹní láàárín àwọn ọmọdé. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ni àga.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mùínàt Àbẹ̀kẹ́,
Òǹkọ̀wé.