Egungun Kato Lójú Wasswa

Kalisizo,
Oṣù Kẹfà.

Kato ọmọ mi,

Ṣé ara ń le ní Arua, ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà láàyè níbí, a dúpẹ́. Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹni tó wà lájò má gbójú kúrò lára rẹ. Ìyá rẹ kí ọ púpọ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ Wasswa ti kúrò lábẹ́ ọ̀bẹ. Ó ń mu omi ọbẹ̀, ó sì ti ń sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n yọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí lọ́rì ti kọ lu ọ̀kadà rẹ̀ ni ara mi ti kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé. Mo ń jẹun, n kò mọ adùn rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ọsibítù, ojú rẹ̀ ti rún wómúwómú lọ́tùn-ún lósì. Ìyá rẹ bi nọ́ọ̀sì pé, "Ṣé ó ti fò ni?" Ọmọ Gulu ni nọ́ọ̀sì náà, kò mọ̀ pé lọ́dọ̀ tiwa a kì í sọ pé ìbejì kú, a máa ń ní ó fò ni. Ó ní, "Màmá, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé, níbo ló ń fò lọ?"

Dókítà Kyomuhendo tó tún egungun rẹ̀ tò ní awò ńlá kan tó máa ń dé sójú. Tó bá fi wo aláìsàn, yóò rí àwòrán bí egungun ṣe yẹ kó wà, tó tẹ́ lé ojú rẹ̀ gan-an, bí ilà ṣọ́ọ̀kì tí mo máa ń fà sórí pákó kí n tó gbé ayùn. Ibi tí ilà bá gbà ni yóò kan irin mọ́. Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe é, ó dé e fún mi kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo rí ojú kan lókè bẹ́ẹ̀dì. Mo nawọ́ sí i, ọwọ́ mi bọ́ sófo.

Mo ní, "Dókítà, Kato rèé."

Ó ní, "Ssalongo, ìbejì mà ni wọ́n. Ojú kan náà ni."

"Lójú ẹni tí kò bí wọn ni."

Ó wá ṣàlàyé pé egungun Wasswa ti fọ́ kọjá ohun tí wọ́n lè fi mọ bó ṣe rí tẹ́lẹ̀, àwòrán orí rẹ tí o lọ yà ní Arua ni wọ́n ń tẹ̀ lé. Ìyá rẹ ló pè ọ́ láìjẹ́ kí n gbọ́. Ó mọ̀ pé màá ní o kò ní dá a lóhùn, nítorí ọ̀rọ̀ ààlà oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìwọ àti Wasswa fi kọ ara yín sílẹ̀. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wá ẹkún, n kò rí i.

Lánàá ni wọ́n tú báńdéèjì. Imú rẹ̀ tó wọ́ láti kékeré ti tọ́ bíi tìrẹ, àgbọ̀n rẹ ló sì wà lábẹ́ ẹnu rẹ̀. Nakimera ọmọ rẹ̀, tó ti ń sá fún un, yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sáré wọlé. Ó ní, "Dádì Kato ti dé." Wasswa gba díńgí, ó wo ara rẹ̀ títí.

Ó ní, "Ẹ fún un lóúnjẹ. Ọ̀nà Arua jìn."

Mo gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ẹkún náà kò tíì dé.

Ọlọ́run yóò ṣọ́ àlọ rẹ, yóò ṣọ́ àbọ̀ rẹ. Ẹ kò ní fi ojú sunkún ara yín.

Èmi ni bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Ssalongo Ssebuufu.

Mo tún rántí: Nakimera ti lọ kéde kárí àdúgbò pé o ti dé. Má sọ ọmọ náà di òpùrọ́.