Àmì Tí Mo Yọ Lára Pátákó Ilé Ẹjọ́

Tísà mi, bàbá mi tòótọ́,

Ẹ kú ilé níbi tí ẹ wà. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀, ẹ bá mi gbà á bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà rèé tí a ti sin yín sí Arárọ̀mí, mi ò sì kọ ìlà kan sí yín rí, nítorí pé ẹ̀rù lẹ́tà kíkọ sí yín ṣì ń bà mí. Ṣé ẹ rántí èyí tí mo kọ nígbà tí mo wà ní poli? Ẹ fi bírò pupa tún gbogbo rẹ̀ ṣe, ẹ fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo fò, ẹ wá dá a padà sí mi. Ẹ ò dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo nínú rẹ̀ o! Inú bí mi, mo sì búra pé mi ò ní kọ òmíràn mọ́. Mo ti da ìbúra yẹn lónìí, torí ọkàn mi ò balẹ̀, kò sì sí ẹlòmíràn tí mo lè sọ ọ́ fún.

Wọ́n kọ́ ilé ẹjọ́ tuntun sí àárín ìlú Òrè. Ilé iṣẹ́ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ni wọ́n gbé ètò ìrìn ọkọ̀ àti ti èèyàn fún, ọ̀gá mi sì gbé e lé mi lọ́wọ́: ibi tí ọkọ̀ máa gbà wọlé, ibi tí wọ́n máa gbé e sí, ibi tí ọlọ́kadà máa já èrò sí, ibi tí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn máa gbà, àti ohun tí wọ́n máa kọ sára pátákó kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ Òrè. Tírélà láti Benin, bọ́ọ̀sì tó ń lọ Èkó, ọ̀kadà tó ń gba àárín méjèèjì kọjá. Odidi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dúró ní oríta pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí mò ń ka ọkọ̀. Àwọn ọlọ́kadà kọ́kọ́ rò pé mo wá lé wọn kúrò níbẹ̀ ni. Nígbà tó yá, wọ́n sọ mí ní Àǹtí Kamọ́tò, wọ́n á máa bi mí bóyá mo ti ka tàwọn mọ́ ọn.

Mo ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, bàbá mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn ná kí n tó sọ èyí tí kò dáa. Géètì ńlá wà lójú títì fún ọkọ̀, géètì kékeré wà lápá ọ̀nà ọjà fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, mo sì ní kí wọ́n na ṣéènì láti ibẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ kí ọkọ̀ kankan má lè ya bá wọn. Arúgbó lè fi ọ̀pá rẹ̀ rìn ín jẹ́jẹ́ láìwẹ̀yìn. Èyí ni mo fi ń yangàn kiri ọ́fíìsì.

Búọ̀dá Ṣèyí ló kọ àwọn pátákó. Akẹ́kọ̀ọ́ yín ni wọ́n ní Arárọ̀mí, àwọn tí bàbá wọn fẹ́ kí wọ́n jókòó ti oko kòkó, tí ẹ lọ ń bẹ bàbá náà títí tó fi jẹ́ kí wọ́n wá sílé ìwé. Wọ́n ti di díákónì báyìí, irun wọn ti funfun, síbẹ̀ wọ́n ṣì máa ń pe Tísà bíi pé ẹ wà nínú yàrá kejì. Wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ sórí bébà, ọ̀gá mi sì buwọ́ lù ú. Ọ̀NÀ ẸLẸ́SẸ̀. Ọ̀NÀ ỌKỌ̀. Gbogbo àmì pé, lókè àti nísàlẹ̀. Èmi ni mo wò ó nígbà tó kù dẹ̀dẹ̀ kí wọ́n kùn ún, tó wá dà bíi pé eṣinṣin yàgbẹ́ sára lẹ́tà. Mo ní kí wọ́n yọ gbogbo àmì wọ̀nyẹn, kí wọ́n fi àyè rẹ̀ mú lẹ́tà tóbi sí i kí awakọ̀ lè rí i láti òkèèrè. Búọ̀dá Ṣèyí họ orí. Wọ́n ní Tísà ò ní fẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dá wọn lóhùn pé Tísà ti lọ sinmi, kí wọ́n jẹ́ kí Tísà sinmi. Mo tún rẹ́rìn-ín sí i. Ẹ̀rín yẹn ń dùn mí dòní.

Nígbà tí wọ́n gbé pátákó nàró, ONA OKO làwọn ọlọ́kadà kọ́kọ́ rí. Ọ̀kan bi mí pé oko ta ni, ṣé oko kòkó ni àbí ti ẹ̀gẹ́. Ìyá kan tó ń ta ọsàn ní bí èyí bá jẹ́ ọ̀nà ọkọ, níbo wá ni ọ̀nà ìyàwó wà. A rẹ́rìn-ín títí. Ó yẹ kí n ti gbọ́n níbẹ̀, àmọ́ eré ni mo pè é, mi ò tiẹ̀ ronú kan èyí tó wà ní géètì kejì.

ONA ELESE. Bàbá mi, ẹ bá mi kà á bí ẹni tí kò mọ ohun tó wà lọ́kàn mi ṣe máa kà á, lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹjọ́.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jókòó gbọ́ ẹjọ́ níbẹ̀, ìyá arúgbó kan wá láti oko kan lẹ́yìn Òdígbó, nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ kòkó tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ kó tó kú. Aṣọ funfun Aládùúrà ló wà lọ́rùn wọn, ọmọ wọn obìnrin sì di ọwọ́ wọn mú. Ọmọ yìí ló ka pátákó sókè: ọ̀nà ẹlẹ́ṣẹ̀. Mo gbọ́ ọ láti ibi tí mo dúró sí. Ìyá náà dúró gbagidi. Wọ́n ní adájọ́ ò tíì bi àwọn ní nǹkan kan tí wọ́n ti pe àwọn ní ẹlẹ́ṣẹ̀! Wọ́n ní nílé àdúrà tàwọn, èèyàn kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ ọ̀nà ẹlẹ́ṣẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò sí ẹni tó wọlé nínú wọn. Ta ló fẹ́ gba abẹ́ irú pátákó bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́jọ́? Gbogbo wọn yí padà, wọ́n forí lé géètì ńlá.

Mo rí wọn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀. Mo wà níbi ìgbọ́kọ̀sí pẹ̀lú ìwé mi, mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀ láàárín ọkọ̀, mo sì mọ ohun tó fà á. Mo lè pariwo. Ojú ló ń tì mí láti pariwo níwájú àwọn lọ́yà pé pátákó mi ò dáa. Mo ní ẹ̀ṣọ́ géètì á dá wọn padà. Ọkọ̀ kan tó wá já àga sílẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn jáde, awakọ̀ rẹ̀ ò sì retí ẹlẹ́sẹ̀ kankan, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé ẹlẹ́sẹ̀ ò ní gba ibẹ̀. Ó gbá ìyá náà ṣubú. Egungun itan wọn ṣẹ́. Mo wà lára àwọn tó gbé wọn. Ọwọ́ wọn há mọ́ aṣọ mi, wọ́n ń pe Jésù, wọn ò mọ ẹni tí wọ́n dì mú.

Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, bébà Búọ̀dá Ṣèyí ṣì wà nínú fáìlì, àmì pé lára rẹ̀. Pátákó ò ní àmì. Ó parí nìyẹn: ẹni tó kọ pátákó ló ṣe ohun tí wọn ò fọwọ́ sí. Ẹnu lásán ni mo fi ní kí wọ́n yọ ọ́, kò sí níbi kankan nínú ìwé. Èmi, Búọ̀dá Ṣèyí àti Ọlọ́run nìkan la mọ̀. Mo panu mọ́. Ní ọjọ́ kìíní, mo ní ó di ọ̀la. Ó di ọ̀la, mo ní kí ara ìyá náà kọ́kọ́ yá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Àwọn ará ilé ìyá ń sọ pé àwọn máa gbé ẹni tó kọ pátákó lọ sí kóòtù, ilé iṣẹ́ wa sì ń sọ pé àwọn á rí i dájú pé ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ fún un mọ́ láti Òrè dé Òdígbó. Bí fóònù bá dún, mi ò ní gbé e.

Lọ́jọ́bọ̀, ìgbìmọ̀ tó ń wádìí pe àwa méjèèjì. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà níta, a ò wo ojú ara wa. Búọ̀dá Ṣèyí ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ilẹ̀kùn yàrá wọn kì í pa dé dáadáa, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní àwọn làwọn gbàgbé àmì náà. Wọ́n ní ojú ti di ti àgbà, kò sẹ́ni tó ní kí àwọn yọ nǹkan kan. Háà! Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n tẹ̀ sí etí mi, wọ́n ní kí n dákẹ́ jẹ́ẹ́, pé ojú àwọn kọ́ ni wọ́n ti máa dójú ti ọmọ Tísà. Bàbá mi, ṣé ẹ mọ̀ bó ṣe rí kí èèyàn máa gbàdúrà kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, kó wá ṣẹlẹ̀, kó sì dà bí èébì lọ́fun? Mi ò ní láti ṣe ohunkóhun. Kí n ṣáà ti dákẹ́ ni.

Wọ́n pè mí. Èèyàn mẹ́rin ló jókòó, ọ̀gá mi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó ti tẹ ìwé kan sílẹ̀ dè mí, pé pátákó yàtọ̀ sí ohun tí a fọwọ́ sí, kí n kàn buwọ́ lù ú. Ó fi bírò sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ló wá sí mi lọ́kàn, lọ́jọ́ tí ẹ na ọmọ kan láìṣẹ̀, tí ẹ wá dọ̀bálẹ̀ bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ilé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kíláàsì kẹta ni mo wà. Mo kórìíra yín lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ dé ìparí táàmù, mo sì rò pé ẹ ti ba orúkọ wa jẹ́.

Mo ní èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ohùn mi ò jáde, wọ́n ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ọ̀gá mi wò mí bí ẹni tí mo gbá létí.

Wọ́n pe Búọ̀dá Ṣèyí padà. Ẹ gbà mí, ìjà ló ṣẹlẹ̀! Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé ọ̀fọ̀ yín ni kò tíì kúrò lára mi. Mo ní àwọn ló ń purọ́. Wọ́n ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún, ọmọ kékeré. Àwa méjèèjì ń du ẹ̀bi bí ẹni ń du ogún, alága ń gbá tábìlì. Níkẹyìn, mo bi wọ́n lójú gbogbo ìgbìmọ̀ pé kí ni wọ́n sọ fún mi nípa Tísà lọ́jọ́ tí mo ní kí wọ́n yọ àmì yẹn. Wọ́n lè parọ́ mọ́ ara wọn, àmọ́ wọn ò lè parọ́ mọ́ yín. Omi bọ́ lójú wọn, ìgbìmọ̀ sì rí i.

Wọ́n ti ní kí n jókòó sílé ná. Mi ò mọ̀ bóyá iṣẹ́ ti bọ́, mi ò sì mọ̀ bóyá àwọn ará ilé ìyá máa gbé mi lọ sí kóòtù. Búọ̀dá Ṣèyí ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ní mo sọ àwọn di òpùrọ́ lójú àwọn aláṣẹ, tàwọn ti jíjẹ́ díákónì. Inú ń bí wọn dénúdénú, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ó ń bí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kù, torí òun gan-an ni mo ṣe ń kọ̀wé. Láàárọ̀ yìí, mo lọ sí ọsibítù, mo sọ fún ìyá náà. Mo kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sọ gbogbo rẹ̀, àti pé mo rí wọn lọ́jọ́ náà tí mi ò pariwo. Ọmọ wọn fò dìde, ó ní kí n jáde kí ó tó ṣe mí léṣe. Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ọmọ náà sì padà jókòó. Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá bi mí pé, ọmọ ta ni mí.

Ẹ mọ ìbéèrè yẹn, bàbá mi. Bí èèyàn bá fẹ́ súre fún ọ, á bi ọ́. Bó bá fẹ́ ṣépè, á bi ọ́, kí ó lè mọ ilé tó máa rán an sí. Ojú wọn ò sọ èyí tó jẹ́. Mo lè pe orúkọ mìíràn, wọn ò ní mọ̀. Ṣé ó yẹ kí n pe òmíràn? Ṣé ẹ̀yin ìbá fẹ́ kí n fi yín sílẹ̀ kí ẹ sinmi?

Mo pe orúkọ yín. Mo pè é ní kíkún, pẹ̀lú ti bàbá yín, pẹ̀lú Arárọ̀mí. Ìyá náà tún un pè lẹ́yìn mi lẹ́ẹ̀mejì, díẹ̀díẹ̀, kó má baà sọnù mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n wá yíjú sí ògiri. Títí tí mo fi ń kọ ìwé yìí, mi ò tíì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Mo nífẹ̀ẹ́ yín, Tísà mi. Ẹ forí jì mí, ẹ má sì jẹ́ kí ó jìnnà tí ẹ ó fi wá wò mí lójú àlá.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tí kò ní bàbá méjì.