Ẹ Jókòó Ná: Ìgbésí Ayé Olùkọ́ Tó Ń Fi Sinimá Han Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́

Ní ọdún 1948, nínú ilé oníyàrá méjì tó kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń sun bíríkì, ni wọ́n bí bàbá wa, olùkọ́ àgbà tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ẹ-Jókòó-Ná. Bíríkìlà ni bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn ará àdúgbò fọṣọ. Òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ márùn-ún, òun nìkan sì ni ọkùnrin. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọmọ náà ò tètè sọ̀rọ̀ nítorí pé wíwò ló ń wò.

Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn bíríkìlà tó mọ ilé sinimá ìlú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i ní ọdún 1957, orúkọ àwọn èèyàn ńlá ló wà lára òkúta ẹnu ọ̀nà, kò sí ti bíríkìlà kankan. Bàbá fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó sanwó bí gbogbo èèyàn, wọ́n sì jókòó sẹ́yìn pátápátá. Nígbà tí fíìmù parí, tí orúkọ àwọn tó ṣe é ń gòkè lórí aṣọ funfun, gbogbo ilé dìde, wọ́n ń ti ara wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ọmọ náà dìde. Bàbá rẹ̀ fà á lẹ́wù, ó ní, “Jókòó ná. Àwọn tó ṣiṣẹ́ nìyẹn.” Bàbá ò mọ̀wé kà o, síbẹ̀ ó wo àwọn orúkọ yẹn títí wọ́n fi tán.

Olóògbé wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní ọdún 1968, ó sì gba ìwé ẹ̀rí ní 1971. Ní 1974 ó fẹ́ aránṣọ kan níyàwó. Kí wọ́n tó fẹ́ra, ṣòkòtò tí ìyá wa kọ́kọ́ rán fún un kúrú, ó sì wọ̀ ọ́ lọ síbi iṣẹ́ fún odidi ọdún kan, kó lè máa rí ẹjọ́ rò ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn.

Ní 1979, ó bẹ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtàn, wọ́n fún un ní yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ìyá wa rán aṣọ funfun tí wọ́n ń tan àwòrán sí, ó sì rán aṣọ dúdú bo fèrèsé. Láti ìgbà náà, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì di ti sinimá. Kì í ṣe èyí tí ìbọn ń dún, tí mọ́tò ń fò lókè; ó ní ìyẹn ò nílò olùkọ́. Fíìmù tí àwọn èèyàn fi owó péńpé yà ló ń wá kiri, èyí tí kò sí ilé iṣẹ́ ńlá lẹ́yìn rẹ̀, tó ń fi ayé hàn bó ṣe rí. Nínú ọ̀kan, ìyá arúgbó kan ń fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ rẹ̀ tó ti kú, ìṣẹ́jú mẹ́jọ gbáko. Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè pé, “Sà, ìgbà wo ni ìjà máa bẹ̀rẹ̀?” Olóògbé ní, “Ó ti bẹ̀rẹ̀ tipẹ́. Wo ọwọ́ ìyá yẹn.”

Òfin kan ṣoṣo ló ṣe: kí ẹnikẹ́ni má dìde kí orúkọ tó tán. Bí wọ́n bá ti ń mira, á ní, “Ẹ jókòó ná.” Ó dorúkọ mọ́ ọn lára. Ìyá wa nìkan ni kò rú òfin yẹn rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí yóò fi sùn lọ fọnfọn. Ilẹ̀kùn yàrá náà sì máa ń ké bí wọ́n bá ṣí i. Káfíńtà fẹ́ ta epo sí i, olóògbé kọ̀ jálẹ̀. A kà á sí agídí.

Ọdún mọ́kànlá ló fi ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ àdúgbò, àkọsílẹ̀ rẹ̀ sì kún débi pé ó ń kọ ẹni tó wúkọ́ nípàdé sí i. Ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Òun ló máa ń jáde kẹ́yìn nílé ìjọsìn.

Ó fẹ̀yìn tì ní 2008, ṣùgbọ́n wọ́n fi yàrá náà sílẹ̀ fún un. Ní 2010, ìyá wa kú. Ẹ̀yin èèyàn wa, ká má parọ́ nítorí òkú: láti ọjọ́ náà ni ilé ti tóbi jù fún un. Nígbà tó di 2016, ojú rẹ̀ ti ṣú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń tọ́ ògiri lọ sí yàrá yẹn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wọlé, wọ́n á kọ orúkọ, wọ́n á sì máa yọ́ jáde níkọ̀ọ̀kan. Bó bá béèrè pé, “Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”, ohùn kan á dáhùn pé, “A wà níbẹ̀, sà.” Ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni. Òun nìkan ló kù, òun ló ń jẹ́ “a”, kí ọkàn bàbá má bàa bàjẹ́.

Ìyá náà sunkún sọ èyí fún wa nígbà tó wá kí wa kú ọ̀fọ̀. Ọjọ́ kejì la rí ìwé olóògbé, tó fi lẹ́tà gàdàgbà kọ: “Méjìdínlógún wọlé. Ilẹ̀kùn ké lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Ìyá onígbàálẹ̀ ló kù. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀. Àánú mi ń ṣe é.” Lójú ewé mìíràn, ó kọ ọ́ pé: “Àkọ́bí mi bá mi wá lónìí. Ó jáde kó tó pé ìdajì. Ó rọra ṣí ilẹ̀kùn. Ọmọ dáadáa ni.”

Nínú àwa ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó jókòó tì í dé òpin rí. Ó dùn wá wọra.

Olóògbé mí èémí ìkẹyìn lórí àga rẹ̀ ní 2024, ní ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin. Ó fi ọmọ mẹ́ta sáyé: nọ́ọ̀sì, awakọ̀ ojú irin, àti àbíkẹ́yìn tó ń gbé lókè òkun, ọmọ-ọmọ méje, àtọmọ-ọmọ-ọmọ kan, àti ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, tí a ti kà mọ́ ẹbí láti òní lọ.

Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, àwa mẹ́ta, títí kan èyí tó ti òkè òkun dé, àti ìyá náà lọ sí yàrá yẹn, a wo fíìmù ìyá tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Orúkọ gòkè títí ó fi tán. Ilẹ̀kùn ò ké.

Bàbá wa, ẹ dìde wàyí, ẹ máa lọ bá aránṣọ yín. Àwa la kàn láti jókòó. A wà níbẹ̀, sà. Ẹ sùn un re.