Tíṣà Adìyẹ, Bàbá Ọmọbìnrin Márùn-ún

Ọdún 1941 ni a bí Bàbá wa sílé alágbẹ̀dẹ, ọmọ kẹta nínú méje. Bàbá wọn ń rọ ọkọ́ àti àdá, ìyá wọn ń sin adìyẹ lẹ́yìnkùlé. Ìyá ni wọ́n fìwà jọ.

Ní 1963, wọ́n di olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ̀yìn kíláàsì ni wọ́n kọ́ ilé adìyẹ sí, ibẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ wọ́n ní Tíṣà Adìyẹ. Ní 1966, wọ́n gbé aránṣọ kan níyàwó. Ọmọbìnrin mẹ́rin tẹ̀lé ara wọn.

Ní 1975 ni ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀. Bàbá ti ń kọ́ kíláàsì wọn pé abo ló ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni ọmọ yóò jẹ́. Òótọ́ ni lára adìyẹ, àmọ́ wọ́n fi ti adìyẹ ṣe ti gbogbo ẹ̀dá. Ẹ̀kọ́ náà délé, ẹbí sì pèpàdé: Tíṣà fúnra rẹ̀ ti wí i, ìyàwó ló ń kó obìnrin wálé, kó máa lọ. Ẹnu Bàbá ti kó bá Ìyá wa.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi tú ìwé iléèwé. Wọ́n rí i pé lára màlúù, ewúrẹ́ àti ènìyàn, ọ̀dọ̀ akọ ni ìpinnu náà ti ń wá. Wọ́n kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n mú ṣọ́ọ̀kì lọ sípàdé ẹbí nílé ìyá wọn, wọ́n ya gbogbo rẹ̀ sára ilẹ̀kùn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin àgbà, mo ṣì yín lọ́nà. Ènìyàn kì í ṣe adìyẹ. Tó bá jẹ́ ẹ̀bi ni, èmi ni kẹ́ ẹ lé."

Ìyá àgbà wo ilẹ̀kùn títí, wọ́n ní kí aránṣọ wá jókòó ti àwọn. Lọ́dún kejì, ọmọbìnrin karùn-ún dé. Bàbá gbé e káàkiri àdúgbò, wọ́n ní iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni.

Wọn kì í pa ìjọsìn jẹ, àfi bí ewúrẹ́ ẹnìkan bá ń rọbí. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní 1998, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ẹran aládùúgbò.

Bàbá dákẹ́ ní 2024, lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n fi ìyàwó, ọmọbìnrin márùn-ún àti ọmọ-ọmọ mẹ́rìnlá sáyé lọ. Mẹ́jọ nínú àwọn ọmọ-ọmọ jẹ́ ọkùnrin. Bàbá ní kò sóhun tó kan àwọn níbẹ̀, kí a lọ kí àwọn àna.

Àwọn ọmọ márààrùn-ún ni yóò gbé pósí lónìí. Ẹ má ṣe wá ọkùnrin tí yóò gbà á lọ́wọ́ wọn. Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ni kó gbé àwọn.

Ẹ sùn ire o, Tíṣà. Ilẹ̀ tí ẹ ro títí ọjọ́ alẹ́, kó tù yín lára.