Áàpù Tí Èmi àti Ìyá Fi Ń Wòran

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Yorùbá nìkan ni màá fi kọ ìwé yìí. Bí mo bá ṣì í kọ, kò sẹ́ni tó máa rí i. Ilé ìwé tí mo lọ lókè òkun ti ba ẹnu mi jẹ́ — mò ń gbọ́ ọ, àmọ́ tí mo bá fẹ́ fèsì, ọ̀rọ̀ á há sí mi lọ́fun.

Ọ̀dọ̀ Ìyá ni mo wà, ìyá tó bí bàbá mi. Èmi àti òun nìkan la jọ ń gbélé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló fàyè gbà á. Gíwá ilé ìwé ni, Gíwá náà ni màá máa pè é níbí. Àdéhùn rẹ̀ ò lọ́jú pọ̀: ọjọ́ tí Ìyá ò bá ríran dáadáa mọ́, òun á wá mú un lọ sí ìlú tòun, wọ́n á ti ilé yìí pa, èmi náà á padà síbi tí mo ti wá. Ìyá ní òun ò lọ síbì kankan. Ó ní nínú ilé yìí, òun mọ ibi tí gbogbo nǹkan wà.

Mo ti ronú ohun tí màá fi kọ́ ẹnu mi. Ánímè. Eré aláwòrán àwọn ará Jàpáànì, mo fẹ́ràn rẹ̀ láti kékeré. Wọ́n á máa sọ èdè tiwọn, Gẹ̀ẹ́sì á máa jáde nísàlẹ̀, èmi á máa sọ ọ́ ní Yorùbá fún Ìyá. Ibi tí mo bá ti ṣìsọ, á tún un ṣe.

Ó ku áàpù tí màá fi ṣe é.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Èyí tó bá kọ̀ǹpútà wá (mo sọ ọ́ ní Àbáwáyé) kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò rí irú fáìlì yìí rí. Mo bẹ̀ ẹ́ títí. Mo pa á tì.

Ọjọ́rú, 5 Oṣù Kẹta

Mo gba áàpù mìíràn wọlé, mo sọ ọ́ ní Oge. Ó lẹ́wà lóòótọ́ — àwọ̀ oríṣiríṣi, àwòrán kékeré fún fíìmù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó wúwo. Fáànù kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í ké, Ìyá sì béèrè láti yàrá bóyá ata ni mò ń lọ̀.

Mo fi wáyà so kọ̀ǹpútà mọ́ tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ kí Ìyá lè rí i ní ńlá. Wáyà náà kúrú. Ilẹ̀ ni mo jókòó sí, mo gbé kọ̀ǹpútà lé àpótí, mo kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n, mo kọjú sí Ìyá. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mò ń ka ọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà, mo sì ń rí ojú rẹ̀.

Eré náà, alápá púpọ̀: ọmọbìnrin kan tó ń tún aago ṣe ní ìlú ẹ̀bá òkun. Aago ilé ìṣọ́ ìlú ti kú, wọ́n ní bàbá rẹ̀ ló bà á jẹ́ kó tó sá lọ.

Mi ò tíì sọ gbólóhùn méjì tán tí Ìyá fi dá mi dúró. Ta ló dàgbà jù nínú àwọn méjèèjì tó ń sọ̀rọ̀? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní báwo ni mo ṣe wá ń sọ ọ̀rọ̀ wọn. Mo dá eré náà padà sẹ́yìn, mo wò wọ́n: ọkùnrin náà ní irùngbọ̀n. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, ọmọ yẹn ò gbọ́dọ̀ bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Báyìí la ṣe ń lọ. Apá kìíní tí ò gùn, a lò ó di ìrọ̀lẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Oge kú lẹ́ẹ̀mẹta lónìí. Lójú ibi tó dùn jù. Ìyá ní kí n sin ín.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8 Oṣù Kẹta

Mo ti rí áàpù kẹta, mo sọ ọ́ ní Ìhòhò! Kò ní bọ́tìnnì kankan, kò ní ọ̀ṣọ́, àwòrán nìkan ló ń hàn. Orí kíbọ́ọ̀dù ni èèyàn ti máa ń pàṣẹ fún un. Fáànù ò mí. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ jù: mo lè ní kí ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ṣáájú ohùn. Mò ń kà á kí ẹni náà tó yanu, nítorí náà nígbà tó bá yanu, Yorùbá ló ń ti ẹnu mi jáde. Bí ẹni pé èmi ni ọmọ tó ń tún aago ṣe.

Ìyá ní mo ti ń sọ̀rọ̀ bí èèyàn díẹ̀díẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 9 Oṣù Kẹta

Kò síná. A ò wo nǹkan kan. Ìyá sọ ìyókù eré náà fúnra rẹ̀ — irọ́ ni gbogbo rẹ̀, ó dáa ju tiwọn lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 11 Oṣù Kẹta

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Lónìí, Ìhòhò gbé ohùn lọ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó fi àwòrán sílẹ̀ lójú kọ̀ǹpútà mi. Mi ò mọ̀. Mo kẹ́yìn sí tẹlifíṣọ̀n bí mo ṣe máa ń ṣe, mò ń sọ̀rọ̀ lọ. Ìyá ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kéèyàn rẹ́rìn-ín. Ó tiẹ̀ ní aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ yẹ ẹ́. Nígbà tí apá tòní parí, mo yíjú láti pa tẹlifíṣọ̀n. Dúdú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ìyá ṣì kọjú sí i, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Mo sọ fún un pé àwòrán ò jáde láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìgbà wo ló ti jáde rí?"

Mo béèrè ìdí tó fi wá ń jókòó tì í lójoojúmọ́.

"Ìwọ lo ní ká wá wòran. Mo bá ẹ jókòó."

Ojú òsì rẹ̀ ti lọ tipẹ́. Ti ọ̀tún, ó ní òun ń mọ̀ bí wọ́n bá ṣí fèrèsé, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọwọ́ ló fi mọ ilé yìí: ògiri, etí tábìlì, ìdí àga. Abájọ tó fi ń bi mí nípa ọjọ́ orí gbogbo èèyàn inú eré.

Mo tún Ìhòhò ṣe kí àwòrán lè jáde lórí tẹlifíṣọ̀n. Mi ò mọ ẹni tí mò ń tún un ṣe fún.

Ọjọ́bọ̀, 13 Oṣù Kẹta

Gíwá pè. Ó béèrè àlàáfíà Ìyá. Mo ní wọ́n wà, Mà. Irọ́ kọ́, òótọ́ kọ́.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Mo lọ sọ́dọ̀ apòògùn tó wà lọ́nà ilé ìfìwéránṣẹ́. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun kì í ṣe dókítà. Ó ní nǹkan funfun tó ń bo ẹyinjú, wọ́n lè yọ ọ́, àmọ́ irú àìsàn ojú mìíràn wà, èyí tó bá ti gbà kì í dá a padà. Kí n tètè mú ẹni náà lọ síbi tí wọ́n á ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Ọ̀la ti pẹ́."

Mo délé, mo sọ ọ́ fún Ìyá. Ó mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ kí n tó débẹ̀. Kò bẹ̀ mí, kò gbóhùn sókè.

"Èmi ni mo kọ́ ẹ lẹ́nu. Má fi ẹnu náà tú mi fó."

A ò wòran lónìí.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 15 Oṣù Kẹta

Mo pe Gíwá láàárọ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ ní Yorùbá, láìfi Gẹ̀ẹ́sì kún un. Ó béèrè ẹni tó ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ọjọ́ Àìkú, 16 Oṣù Kẹta

Gíwá dé kí oòrùn tó mú. Kò jókòó. Ó béèrè ìgbà tí mo ti mọ̀. Mo ní láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Mà. Ó ní èmi àti ìyá òun la jọ mọ ohun tí à ń ṣe. Lẹ́yìn náà ló lọ sí yàrá, mo gbọ́ tó ń sunkún, Ìyá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún bí ọmọdé: ó tó, ó tó, kí ló dé.

Ìyá jáde, ó fọwọ́ kan ẹnu ọ̀nà lápá ọ̀tún, ó fọwọ́ kan ti òsì. Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dàbọ̀, Mà. Kò dáhùn. Mo rò pé kò gbọ́. Gíwá tún un sọ fún un pé mò ń kí i. Ó ní òun ti gbọ́.

Gíwá mú un lọ. Mo ní títí òpin oṣù láti palẹ̀ ilé mọ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 18 Oṣù Kẹta

Mo pè lánàá, mo pè lónìí. Gíwá ní Ìyá ń sùn. Aago méjì ọ̀sán.

Ọjọ́rú, 19 Oṣù Kẹta

Mo wo eré náà tán. Mo fi Ìhòhò wò ó, lójú kọ̀ǹpútà. Kò dùn. Ẹnu mi ń jẹ mí.

Ọjọ́bọ̀, 20 Oṣù Kẹta

Ìyá pè mí fúnra rẹ̀ — àbí ẹnì kan bá a tẹ̀ ẹ́. Kò kí mi. Ó ní kí ló ṣẹlẹ̀ sí ọmọ yẹn, ṣé ó rí bàbá rẹ̀.

Mi ò ṣí áàpù kankan. Fáìlì ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ṣí, bí ìwé lásán, mo fi èjìká há fóònù, mò ń sọ ọ́ fún un ní Yorùbá. Mo sọ ẹni tó jẹ́ àgbà kó tó béèrè. Mo sọ àwọ̀ òkun. Mo sọ ibi tí wọn ò ti sọ̀rọ̀, tí ọmọ náà kàn dúró lábẹ́ aago. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á ní "ẹn-ẹ́n".

Nígbà tí ọmọ náà gun àtẹ̀gùn dé òkè, tó gbọ́ ẹsẹ̀ ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀, Ìyá ní kí n dúró ná. Ó ní ọ̀la ni wọ́n máa ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún. Ti òsì ti lọ pátápátá. Dókítà ò ṣèlérí.

Mo ní kí n yára parí ẹ̀ fún un nígbà náà, ó ti ku díẹ̀.

"Dá a dúró níbẹ̀. Ìyókù, ojú ara mi ni màá fi wò ó."

Gbólóhùn tó kàn ti wà lórí ahọ́n mi. Mo gbé e mì.