Yàrá Tuntun Tí Màmá Yàn

Ẹ̀gbọ́n mi Bánjọ,

Ẹ kú òtútù Kánádà. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ara wa le ní Durumi, ẹ̀jẹ̀ ríru Màmá sì ti wálẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí rèé. Àyè ti kún nílé ìtọ́jú arúgbó tí Màmá wà, débi pé àwọn kan máa ní láti padà sílé bí wọn ò bá kọ́ yàrá sí i. Mo ń retí pé ìjọba ò ní gbà kí wọ́n kọ́ yàrá kún un, kí Màmá lè padà sọ́dọ̀ mi. Lánàá, àṣẹ ìkọ́lé náà dé. Màmá dì mọ́ mátírọ́ọ̀nù tó ń bójú tó ilé náà níwájú mi, wọ́n sọ fún un pé, "Ọmọ mi, yàrá kan jẹ́ tèmi o!" Owú jẹ mí débi pé mi ò lè kí wọn kú oríire.

Olúwa á dá yín sí fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Màmá, kí wọ́n wá lo ọ̀sẹ̀ kan péré nílé mi.

Àbúrò yín,
Rachael