Géèmù Oko Tí Ẹnikẹ́ni Kò Fẹ́

Ojúlé Kẹrìnlá,
Àdúgbò Odò,
Alápẹ̀rẹ̀, Kétu,
Èkó.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹjọ, 2008.

Kúnbi ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lẹ wà ní Abẹ́òkúta? Màmá ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi òjò tí kò jẹ́ ká sá aṣọ.

O rántí ṣọ́ọ̀bù géèmù tí Daddy Aliyah ṣí síwájú ilé wa. Nígbà tí géèmù onísídìí dé, ọjà kú, ó ta gbogbo káséètì géèmù rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò rí ẹni rà á, ìyẹn géèmù oko. Ọkùnrin kan ni yóò máa kọ ebè, tí yóò máa gbin iṣu. Kò sí ìjà, kò sí bọ́ọ̀lù. Àwọn ọmọ àdúgbò á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ká tún wá roko níbí ni?" Ni mo bá fi tẹ́ abẹ́ ẹsẹ̀ fíríìjì wa tó ń mì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, arákùnrin kan tó ń jẹ́ Afeez wá láti Ìkòròdú. Géèmù àtijọ́ ló máa ń kó jọ, ó sì gbọ́ nípa tiwa lẹ́nu oníbàárà wa kan. Ó ní èyí tí gbogbo ayé fẹ́ràn wà káàkiri, ṣùgbọ́n èyí tí kò tà, díẹ̀ ni wọ́n ṣe, àwọn tó rà á sì ti dà á nù, ló fi wá di àwátì. Ó ní òun á fi fírísà tuntun pààrọ̀ rẹ̀. Èmi tí mo ti ń wá fírísà tí màá fi máa ta omi tútù. Kí n tó dáhùn, Afeez ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sábẹ́ fíríìjì.

Daddy Aliyah ní ká kọ́kọ́ dán an wò. Afeez yọ ẹ̀rọ nínú báàgì, wọ́n fẹ́ atẹ́gùn sí káséètì, ó ṣiṣẹ́. Bí ọkọ mi ṣe di àgbẹ̀ nìyẹn. Afeez ní òun fẹ́ máa lọ, Daddy Aliyah ní, "Jẹ́ kí iṣu mi ta ná." Mo rò pé fírísà ti bọ́. A kírun Àsárì tán, ó ṣì ń kọ ebè. Iṣu ku díẹ̀ kó ta ni wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí iná dé, géèmù kò rántí nǹkan kan. Ebè àkọ́kọ́ ló tún kù tó máa kọ.

Daddy Aliyah pa ẹ̀rọ náà. Ó yọ káséètì náà, ó nà án sí Afeez.

"Gbà, àbúrò. Mo ti wá mọ ìdí tí kò fi tà."

Fírísà ti dé. Bá mi kí Màmá àti àwọn ọmọ dáadáa.

Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàrákátù (Mummy Aliyah).